Ọmọńlé mi ò jẹun mọ́

Ẹ jọ̀ọ́ ẹ gbà mí. Leopard gecko mi, irú ọmọńlé kan tí mo ń sìn ní Súrùlérè ńbí, ọjọ́ karùn-ún rèé tí ò fẹnu kan ìrẹ̀, ìrù ẹ̀ tó sanra bọ̀kọ̀tọ̀ tẹ́lẹ̀ ti ń gbẹ, mọ́mì mi sì ní kí n lọ ju ọmọńlé nù 😩

Ìyá Ológbò: Ìrù yẹn ló ń kó ọ̀rá pamọ́ sí o. Kí lo tẹ́ sábẹ́ ẹ̀?

Olùbéèrè: Yanrìn etí òkun ni mo bù

Bọ̀dá Ẹ̀búté: Háà! Kó yanrìn yẹn kúrò jàre, ó lè ti gbé e mì mọ́ ìrẹ̀ kó sì dí i nífun, tíṣù ni kó o tẹ́. Ṣé ẹ máa ń tan ẹ́sì? Ibi tó ń yá oòrùn yẹ kó tó 32°C, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ oúnjẹ ò ní dà. Gbé e lọ bá dókítà ẹranko lónìí, má fún un lágbo o!