Ta ló ti gbin pápásan sí àgbàlá rí? Ẹ wá sọ ìrírí yín

Ọmọ Òkè-Àdó: Ẹ káàsán o. Àgbàlá wa ní Ìbàdàn dà gẹ̀rẹ́, ọdọọdún ni àgbàrá ń wọ́ erùpẹ̀ ibẹ̀ lọ. Mi ò fẹ́ da kọnkéré sí i. Ẹnì kan ní kí n gbin pápásan, pé ewé tó ń fà nílẹ̀ ni, kì í sì í pẹ́ bo ilẹ̀. Ta ló ti ṣe é?

Màmá Ìbejì: Ọdún kẹta mi rèé. Ẹ̀ka tí mo já nílé ẹ̀gbọ́n mi ni mo tẹ̀ bọlẹ̀, kò sì ju ẹ̀ẹ̀mejì tí mo bomi rin ín. Nígbà ọ̀gbẹlẹ̀, koríko yòókù gbẹ, òun ń tutù yọ̀yọ̀, torí inú ewé àti ọ̀pá rẹ̀ ló ń tọ́jú omi sí. Àmọ́ ibi tí omi ń dárogún sí lẹ́yìn kànga, ńṣe ló jẹrà. Ìgbà tí mo da yanrìn sí i ló tó dúró.

Àgbẹ̀ Ṣakí: Ẹ má gbìn ín o! Ọdún kẹjọ rèé tí mo ti ń lé e kúrò láàárín ata. Tí ẹ bá fi ọkọ́ ṣá a, ègé tó bọ́ sílẹ̀ á tún ta gbòǹgbò. Tí ẹ bá fà á tu, tí ẹ jù ú sẹ́bàá ebè, ibi tó sùn sí náà lá ti gbọn èso dúdú wínníwínní yẹn sílẹ̀.

Màmá Ìbejì: Ata lẹ̀yin ń gbìn, ilẹ̀ lèmi ń bò.

Àgbẹ̀ Ṣakí: Kò mọ ààlà, mà. Àgbàlá yín lónìí, oko aládùúgbò lọ́la.

Tóyìn: Ṣé kì í ṣe gbúre nìyẹn?

Bísí Alásè: Rárá o. Gbúre a máa nàró, ewé ẹ̀ sì fẹ̀. Pápásan ń fà nílẹ̀ ni, ọ̀pá ẹ̀ pupa, òdòdó ẹ̀ dà bí àwọ̀ ìyeyè, oòrùn àárọ̀ ló ń là á. Ìyá mi máa ń sè é mọ́ ẹ̀fọ́. Ó kan díẹ̀ lẹ́nu, ó sì ń yọ̀ bí ilá. Ẹni tí òkúta inú kíndìnrín bá ń dà láàmú, kó má jẹ ẹ́ púpọ̀.

Tóyìn: Háà! Adìẹ ni mo ti ń kó o fún látọjọ́ yìí.

Ìyá Àdúkẹ́: Ẹ kọ́kọ́ ṣẹ́ ọ̀pá ẹ̀ wò kí ẹ tó sè é o. Tí oje funfun bá jáde, pápásan kọ́. Àbúrò mi fi irú ẹ̀ sẹ́nu rí, ètè ẹ̀ wú.

Ọmọ Awo: Ṣẹ́gunṣẹ́tẹ̀ ni bàbá mi ń pè é.

Bísí Alásè: Nílé tiwa, ṣẹ́gunṣẹ́tẹ̀ yàtọ̀, ewé tiẹ̀ kéré jù báyìí lọ.

Ọmọ Awo: Ewé kan náà ni o. Ará Kúbà tó múlé tì mí ní Miami ń pè é ní verdolaga, ó ní àwọn ń gún un sínú omi ẹ̀rọ̀ òrìṣà.

Dayọ̀ Manchester: Ọ̀hún ni tiyín ti ń yè. Níbí, òtútù ọ̀gìnnìtìn ló pa tèmi. Sedum, ewéko míì tóun náà ń tọ́jú omi sínú ewé, ni mo wá fi rọ́pò ẹ̀. Yìnyín bò ó mọ́lẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan, mo ti gbà pé ó kú, àfi bó ṣe tún yọrí.

Ọmọ Òkè-Àdó: Màmá Ìbejì, ẹ jọ̀ọ́, ṣé mo lè wá já díẹ̀?

Màmá Ìbejì: Àkóbọ̀ ni mo wà. Mú àpò wá ní Sátidé.

Àgbẹ̀ Ṣakí: Bí ẹ bá ta kú pé ẹ máa gbìn ín, ẹ to òkúta dábùú ibi tó dà gẹ̀rẹ́ yẹn ná. Òun nìkan ò lè dá àgbàrá dúró.