DD 214 mi, ìwé tí Army fún mi nígbà tí mo fi iṣẹ́ sílẹ̀, ò sọ pé mo dé Afghanistan rárá, ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Àjàní Dallas

Ẹ kú ilé o ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ̀yin tẹ́ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ti ibi iṣẹ́ òru bọ̀, ẹ kú àìsùn. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń ka ọ̀rọ̀ àwọn ẹlòmíì níbí, èmi náà ló kàn lónìí, ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi fara balẹ̀ kà á torí ó gùn díẹ̀.

Físà lọ́tìrì ló gbé mi dé Amẹ́ríkà lọ́dún 2010. Nígbà tó di 2011 mo wọṣẹ́ sójà pẹ̀lú green card, Army ni mo wọ̀, ibẹ̀ náà ni mo ti gba ìwé ọmọ onílùú. Mẹkáníìkì ni mí, àwọn ọkọ̀ akẹ́rù ńláńlá yẹn là ń tún ṣe. Lọ́dún 2012 wọ́n kó wa lọ sí Afghanistan, Kandahar la wà, oṣù mẹ́sàn-án gbáko. Ẹni tó bá dé Kandahar nígbà yẹn mọ ohun tí mò ń sọ, ooru, eruku, òórùn adágún ìgbẹ́ tó wà nínú bárékè yẹn, àti rọ́kẹ́ẹ̀tì tó máa ń já bọ́ lóru, tí ìkìlọ̀ bá ti dún a ó sáré wọ abẹ́ kọnkéré, màá máa ka Sáàmù 91 tí màmá mi fi kọ́ mi láti kékeré. Nígbà tá a padà dé, kọ̀máńdà wa há Army Commendation Medal, mẹ́dàlì ìgbóríyìn fún iṣẹ́ rere, mọ́ mi láyà lójú gbogbo wa, ó bọ̀ mí lọ́wọ́, wọ́n fún mi ní sátífíkéètì.

Lọ́dún 2015 tí mo fẹ́ fi iṣẹ́ sílẹ̀, akọ̀wé tó ń bá mi ṣe ìwé ń kánjú, èmi náà ń kánjú torí ìyàwó mi ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, ó ní kí n buwọ́ lù ú níbí, mo buwọ́ lù ú, mi ò kà á. Ohun tó wà ní àpótí 13 lórí DD 214 mi kò ju National Defense Service Medal, Global War on Terrorism Service Medal àti Army Service Ribbon lọ. Ó tán. Kò sí Afghanistan Campaign Medal, kò sí ti NATO, kò sí Commendation, kò sí Good Conduct, àpótí 18 tó yẹ kí wọ́n kọ ọjọ́ tá a lọ àti ọjọ́ tá a bọ̀ sí, wọn ò kọ Afghanistan síbẹ̀ rárá.

Mi ò bá má wàhálà ara mi, àmọ́ mo wá iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ lóṣù tó kọjá, wọ́n ní torí pé ẹ̀yìn oṣù kẹjọ 2010 ni mo wọ Army, kí wọ́n tó lè fún mi ní máàkì márùn-ún tí wọ́n ń fún ajagunfẹ̀yìntì, kí n mú ẹ̀rí wá pé mo bá wọn lọ sójú ogun. Mo ní mo lọ. Wọ́n ní ìwé mi ò sọ bẹ́ẹ̀. Mo jókòó sínú ọkọ̀ mi ní ibi ìgbọ́kọ̀sí mo sunkún bí ọmọdé. Kì í ṣe torí iṣẹ́ yẹn nìkan. Ẹnìkan wà tí ibùsùn èmi àti ẹ̀ kọjú síra nínú àgọ́, kò bá wa padà, ìwé tèmi yìí dà bí ìgbà tí wọ́n ní a ò jọ wà níbẹ̀.

Ìṣòro kejì ni pé lórí ọ́dà Commendation yẹn, ìwé àṣẹ tí wọ́n fi fún mi ní mẹ́dàlì náà, wọ́n gbàgbé lẹ́tà kan nínú orúkọ bàbá mi. Ẹ̀dà rẹ̀ ò sì sí lọ́wọ́ mi mọ́, a ti kó láti ilé kan sí òmíràn lẹ́ẹ̀mẹrin. Ẹnìkan ní kí n kọ̀wé tààrà sí board tó ń tún ìwé sójà ṣe. Ẹlòmíì ní ọkùnrin kan wà níbí tó máa ń gba 900 dọ́là láti bá èèyàn ṣe é. Ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

Ọmọ Ìjẹ̀ṣà MD

Ẹ pẹ̀lẹ́ o, ẹ kú ìfaradà, Olúwa á tu ẹ̀yin àti ẹbí ẹni tó lọ yẹn nínú. Ẹ fi DD Form 149, fọ́ọ̀mù tí wọ́n fi ń béèrè àtúnṣe, ránṣẹ́ sí Army Board for Correction of Military Records, àwọn ló láṣẹ láti tún ìwé sójà ṣe. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ni ti ọdún, òfin ní ọdún mẹ́ta, ẹ̀yin sì ti kúrò láti 2015.

Sájẹ́ntì Fẹ̀yìntì TX

Àbúrò mi, mo kí ẹ. Ogún ọdún ni mo lò nínú Army, mẹ́jọ nínú ẹ̀ ní ọ́fíìsì ìwé ni, nítorí náà jẹ́ kí n tò ó fún ẹ dáadáa.

Ohun tí Ọmọ Ìjẹ̀ṣà sọ kì í ṣe irọ́, ṣùgbọ́n board ló máa ń gbẹ̀yìn. Tó o bá lọ bá wọn tààrà, ohun tí wọ́n máa kọ́kọ́ bi ẹ́ ni pé ṣé o ti gbìyànjú àwọn ọ̀nà yòókù, tó ò bá tíì gbìyànjú ẹ̀ wọ́n lè dá ìwé ẹ padà lẹ́yìn tó o ti dúró fún ọ̀pọ̀ oṣù. Human Resources Command ní Fort Knox, Kentucky, ibẹ̀ ni kó o kọ́kọ́ kọ̀wé sí, ẹ̀ka tó ń rí sí àmì ẹ̀yẹ. Tí wọ́n bá rí i pé òótọ́ lo sọ, wọ́n á fún ẹ ní DD 215, ìwé tó ń ṣàtúnṣe DD 214. Wọn ò ní tẹ DD 214 tuntun fún ẹ, DD 215 yẹn ni wọ́n á so mọ́ ti àtijọ́, ibikíbi tó o bá ti ń mú ọ̀kan lọ kó o máa mú èkejì dání.

Ní ti ọdún mẹ́ta, má jẹ́ kó já ẹ láyà. Ọjọ́ tí èèyàn mọ̀ pé àṣìṣe wà nínú ìwé ẹ̀ ni wọ́n ti ń kà á, board sì láṣẹ láti gbójú fò ó tí wọ́n bá rí i pé ìdájọ́ òdodo ló pè fún un. Wọ́n ti gbọ́ ẹjọ́ ẹni tó ti kúrò fún ogójì ọdún.

Ibi tí mo fẹ́ kó o ti fetí sílẹ̀ nìyí, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣi ẹsẹ̀ gbé. Àmì ẹ̀yẹ pín sí oríṣi. Ọ̀kan wà tó jẹ́ pé tó o bá ti dé ibẹ̀, tìẹ ni. Afghanistan Campaign Medal, ọgbọ̀n ọjọ́ léraléra ni wọ́n ń béèrè, ìwọ lo oṣù mẹ́sàn-án, kò sẹ́ni tó ní láti bá ẹ jiyàn, ẹ̀rí pé o wà níbẹ̀ ni wọ́n máa wò. Ti NATO náà sún mọ́ bẹ́ẹ̀. Òmíràn wà tí ọ̀gá kan gbọ́dọ̀ buwọ́ lù, bí Commendation. Tìẹ, wọ́n ti buwọ́ lù ú, wọ́n ti fún ẹ, ọ́dà tó ní nọ́ńbà wà níbì kan, kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ ló kù. Ẹni tí wọn ò tíì dá lọ́lá rárá ló ní wàhálà ńlá, ìyẹn gbọ́dọ̀ wá ọ̀gá tó mọ ohun tó ṣe nígbà yẹn kó kọ DA 638 tuntun, fọ́ọ̀mù tí wọ́n fi ń dábàá èèyàn fún àmì ẹ̀yẹ, tí ọdún bá sì ti pẹ́ lórí ẹ̀, ó di kó gba ọwọ́ aṣòfin ẹ ní Kọ́ńgíréèsì kọjá. Ìwọ ò sí lára wọn. Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni kó ọ̀rọ̀ ẹ pọ̀ mọ́ tiwọn.

Good Conduct ló wà láàárín, ọdún mẹ́ta tí kò lábàwọ́n ni, àmọ́ wọ́n máa wo fáìlì ẹ bóyá kọ̀máńdà kan kọ ohunkóhun tó lòdì sí i.

Ìbéèrè mi: ṣé o ti gba fáìlì ẹ lódindi? Àbí DD 214 nìkan lo ní?

Ìyá Tèmídire

Ẹ jọ̀ọ́ ẹ má fún ọkùnrin yẹn ní kọ́bọ̀! Inú bí mi bí mo ṣe ń kà á. Fọ́ọ̀mù wọ̀nyí ọ̀fẹ́ ni gbogbo wọn. Ẹ lọ bá Veterans Service Officer, òṣìṣẹ́ tó ń ran ajagunfẹ̀yìntì lọ́wọ́, ní county yín, tàbí kẹ́ẹ lọ sí ẹgbẹ́ ajagunfẹ̀yìntì bí American Legion tàbí DAV, àwọn èèyàn tó mọ̀ ọ́n ṣe wà níbẹ̀, wọn kì í gbowó. Ọkọ mi náà fẹ́ san irú owó yẹn lọ́jọ́ sí, èmi ni mo dì í mú.

Ohun tó ràn án lọ́wọ́ ni LES, ìwé owó oṣù yẹn. Tẹ́ẹ bá wà ní Afghanistan nígbà yẹn, wọ́n ń fi 225 dọ́là kún owó yín lóṣù torí ewu, wọn ò sì yọ owó orí àpapọ̀ nínú owó oṣù yín torí ojú ogun lẹ wà. Ó wà lórí LES gbọnrangandan. Mi ò kì í ju ìwé nù, inú páálí bàtà ni mo kó tiwa sí, òun náà ló gbà wá.

Àjàní Dallas

Ẹ ṣé gan-an ni. Sájẹ́ntì, DD 214 nìkan ni mo ní sà. Ìyá Tèmídire, mo rí LES oṣù mẹ́ta nínú íméèlì mi àtijọ́, owó ewu yẹn wà níbẹ̀ lóòótọ́, mi ò tiẹ̀ rántí!

Sájẹ́ntì Fẹ̀yìntì TX

O ṣé é. Lọ sórí ìkànnì milConnect kó o béèrè fáìlì ẹ, wọ́n ń pè é ní OMPF, tàbí kó o fi Standard Form 180 béèrè. Wá ọ́dà tí wọ́n fi rán yín lọ, wá ERB ẹ, ìwé tó ṣàkópọ̀ iṣẹ́ ẹ nínú Army, ó yẹ kí ìrìn àjò yẹn wà lórí ẹ̀. Tó o bá ní méjì tàbí mẹ́ta nínú ìwọ̀nyí, àti LES yẹn, kí àwọn méjì tẹ́ ẹ jọ wà níbẹ̀ kọ lẹ́tà fún ẹ, kí wọ́n kọ ọjọ́ àti ibi tẹ́ ẹ wà sí i, kí wọ́n fi DD 214 tiwọn tì í. Lẹ́tà ọ̀rẹ́ nìkan ò tó, àmọ́ tó bá ti bá ìwé rìn, ó lágbára.

Àkànní Ìlọrin

Bọ̀dá Àjàní, rọ́kẹ́ẹ̀tì tẹ́ẹ sọ yẹn ńkọ́? Ẹ béèrè Combat Action Badge, báàjì ẹni tí ọ̀tá dojú kọ lójú ogun, mọ́ ọn nígbà tẹ́ẹ bá ń kọ̀wé, ẹ̀tọ́ yín ni.

Sájẹ́ntì Fẹ̀yìntì TX

Àkànní, ọ̀rọ̀ ẹ dáa, àmọ́ má jẹ́ kó fi í sínú lẹ́tà kan náà. Badge yẹn kì í ṣe ti ẹni tó gbọ́ ìró lásán, ó gbọ́dọ̀ fi hàn pé ọ̀tá dojú kọ òun gan-an, ẹni kan sì ní láti gbà á wò kó tó fọwọ́ sí i. Tó bá pa á pọ̀ mọ́ èyí tó ti jẹ́ tiẹ̀, èyí tó rọrùn á dúró de èyí tó le. Iṣẹ́ ló ń wá báyìí. Kó gba Campaign Medal àti Commendation ná, ìyẹn á tó o, lẹ́yìn náà la lè wá sọ̀rọ̀ badge.

Nọ́ọ̀sì Atlanta

Ẹ dúpẹ́ pé orí kọ̀ǹpútà ni tiyín wà. Bàbá ọkọ mi, ọmọ Amẹ́ríkà dúdú ni, sójà Army ni wọ́n nígbà ogun Korea. Nígbà tá a béèrè fáìlì wọn ní National Personnel Records Center ní St. Louis, ibi tí wọ́n ń kó fáìlì àwọn sójà pa mọ́ sí, wọ́n ní ó jóná ni. Iná ńlá kan jó ibẹ̀ lóṣù keje 1973, nínú fáìlì àwọn sójà Army tó fi iṣẹ́ sílẹ̀ láàárín 1912 sí 1960, nǹkan bí ìdá ọgọ́rin nínú ọgọ́rùn-ún ló lọ. A kún NA Form 13055 kí wọ́n lè fi àwọn ìwé mìíràn tún un tò, ìwé owó ìkẹyìn wọn àti ìwé tí ẹgbẹ́ sójà wọn ń kọ láràárọ̀. Ó gba àkókò o. Bàbá ti pé ẹni ọgọ́rin ọdún ó lé nígbà tí mẹ́dàlì wọn dé nínú àpótí kékeré, wọn ò sọ nǹkan kan, wọ́n kàn gbé e lé itan títí ilẹ̀ fi ṣú.

Mo fẹ́ béèrè nǹkan kan: sátífíkéètì Commendation yẹn, ṣé ó dá yín lójú pé ó sọnù? Lórí sátífíkéètì gan-an ni nọ́ńbà ọ́dà, èyí tí wọ́n ń pè ní permanent order, máa ń wà.

Àjàní Dallas

Nọ́ọ̀sì, ọ̀rọ̀ tẹ́ẹ bi mí yìí, mo dìde lórí àga. Kò sọnù! Mo fi ránṣẹ́ sí màmá mi ní Abẹ́òkúta lọ́dún 2013, mo fi rán ẹnìkan tó ń lọ sílé. Wọ́n ní àwọn ti fi gíláàsì sí i. Mo ti pè wọ́n báyìí báyìí, wọ́n ní ó wà lára ògiri pálọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ fọ́tò bàbá mi, ibẹ̀ náà ló wà láti ọjọ́ yìí.

Ìyá Tèmídire

Yéè! Ìyá ò! Kí Olúwa dá wọn sí fún wa.

Ọmọ Ìjẹ̀ṣà MD

Ẹ dárí jì mí pé mo kánjú lórí ọ̀rọ̀ board. Ní ti lẹ́tà tó sọnù nínú orúkọ, ẹ ṣe ìbúra níwájú notary pé ẹni kan náà ni orúkọ méjèèjì, ẹ fi ẹ̀dà páspọ́ọ̀tù àti ìwé ọmọ onílùú tì í. Kì í ṣe ẹ̀yin nìkan, orúkọ wa gùn, ọwọ́ wọn kì í gbà á tán. Àmọ́ ẹ má fọwọ́ ara yín tún nǹkan kan ṣe lórí ìwé náà o, kódà lẹ́tà kan, ọ̀rọ̀ ẹ̀wọ̀n nìyẹn.

Sájẹ́ntì Fẹ̀yìntì TX

Òótọ́ ọ̀rọ̀. Má sì fi ojúlówó ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni, ẹ̀dà tó mọ́ ni kó o fi ránṣẹ́. Kó àwọn ẹ̀dà méjì-méjì pa mọ́. Sọ fún ibi iṣẹ́ yẹn náà pé o ti kọ̀wé, béèrè bóyá wọ́n lè gba LES àti ọ́dà yẹn wò kí DD 215 tó dé.

Àjàní Dallas

Ẹ̀yin èèyàn mi, ọjọ́ mẹ́fà rèé, mo padà wá. Fáìlì mi ti dé. Ọ́dà tó rán wa lọ Kandahar wà nínú ẹ̀, ERB náà kọ oṣù mẹ́sàn-án yẹn sílẹ̀, ohun tí wọ́n ò rí nígbà tí wọ́n ń tẹ DD 214 mi. Commendation ni ò sí nínú fáìlì, bóyá torí orúkọ yẹn ni. Ẹni méjì tá a jọ wà ní àgọ́ ti gbà láti kọ lẹ́tà, ọ̀kan nínú wọn ní òun á dárúkọ ẹni wa tí kò bọ̀ nínú ẹ̀, mo ní kó ṣe bẹ́ẹ̀.

Àbúrò mi obìnrin gun àga lánàá ó sọ férémù yẹn kalẹ̀ ní Abẹ́òkúta. Omi òjò ti kan igun kan, nọ́ńbà méjì tó gbẹ̀yìn nínú ọ́dà yẹn ò fi bẹ́ẹ̀ hàn nínú fọ́tò tó yà lórí fóònù, nítorí náà ọ̀la ló máa gbé e lọ sí ibi tí wọ́n ti ń ṣe kọ̀ǹpútà ní Kútọ̀ kí wọ́n skáànù ẹ̀ dáadáa. Màmá ní kó rí i pé ó gbé e padà wá gbé kọ́ kí ilẹ̀ tó ṣú. Tó bá ti dé ọwọ́ mi, màá kọ lẹ́tà Fort Knox, màá gbé e síbí kí Sájẹ́ntì bá mi yẹ̀ ẹ́ wò kí n tó fi ránṣẹ́.