APPIC Match fún ẹni tó wà lórí F-1: ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ ọ́n, ẹ dá sí i

Tóbi, Ohio
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n. Clinical psychology ni mò ń kà, F-1 (visa akẹ́kọ̀ọ́) ni mo wà lórí ẹ̀, internship ló kàn, ìyẹn ọdún ìkọ́ṣẹ́ kó tó di pé mo gboyè. APPIC Match ló ń pín in: akẹ́kọ̀ọ́ á to àwọn ibi ìkọ́ṣẹ́ (site) sórí list bí wọ́n ṣe wù ú, site náà á to àwọn akẹ́kọ̀ọ́, kọ̀ǹpútà á so wọ́n pọ̀. Ìbéèrè mẹ́ta: site mélòó ló tó? Ṣé ibi tó ṣeé ṣe kí wọ́n gbà mí ló yẹ kí n fi ṣáájú lórí list, kí n má baà pàdánù gbogbo ẹ̀? Ṣé visa máa dí mi lọ́wọ́? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kàn ní kí n máa gbàdúrà, mo ti ń gbà á.

Àǹtí Fúnkẹ́, Maryland
Tóbi, ìbéèrè tó o fi parí ló yẹ kó ṣáájú. Kó o tó kọ gbólóhùn kan nínú essay, kọ orúkọ àwọn site tó wù ẹ́ sílẹ̀, kó o wá yọ àwọn tí kò lè gbà ẹ́ kúrò.

VA, ìyẹn àwọn ilé ìwòsàn ajagunfẹ̀yìntì: ọmọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni wọ́n ń gbà fún internship. Green card gan-an kò tó. Army, Navy àti Air Force náà, ọ̀gá ológun ni intern wọn máa ń jẹ́, nítorí náà fò wọ́n. Ọgbà ẹ̀wọ̀n ìjọba àpapọ̀ àti àwọn ilé ìwòsàn ìjọba kan náà lè ní òfin tiwọn, ka ojú ewé wọn dáadáa. Torí pé VA ní site lọ́pọ̀ yanturu, list ẹ máa fúyẹ́ lójijì. Kò burú. Counseling center àwọn yunifásítì, ilé ìwòsàn yunifásítì, ilé ìwòsàn ọmọdé, community mental health àti àwọn consortium (ibi mélòó kan tó para pọ̀ gba intern) ṣì wà níbẹ̀.

APPIC Directory ni kó o ti máa ṣe àwárí. Ojú ewé site kọ̀ọ̀kan máa sọ iye intern tí wọ́n ń gbà, owó oṣù, wákàtí tó kéré jù tí wọ́n ń béèrè, àti bóyá APA, ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ psychology ní Amẹ́ríkà, ti fọwọ́ sí wọn. Ìyẹn tó gbẹ̀yìn yẹn, má fojú kéré ẹ̀: kí ibì kan jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ APPIC kò sọ pé APA ti fọwọ́ sí i, iṣẹ́ kan wà lọ́jọ́ iwájú tí kò ní gba èyí tí APA kò fọwọ́ sí.

Tí wọn ò bá kọ nǹkan kan nípa visa, fi email kúkúrú ránṣẹ́ sí training director ní oṣù Kẹjọ tàbí Kẹsàn-án. Gbólóhùn mẹ́rin péré: orúkọ ẹ àti ilé ìwé ẹ, pé o wà lórí F-1, pé CPT (àṣẹ iṣẹ́ tó jẹ́ apá ẹ̀kọ́ ẹ) lo máa fi ṣe é, ilé ìwé ẹ ló ń fọwọ́ sí i, site kò ní san kọ́bọ̀ lórí visa, kò sì ní kọ ìwé kankan sí ìjọba ju lẹ́tà tó sọ iṣẹ́ ẹ lọ, ṣé wọ́n ń gba irú ẹni bẹ́ẹ̀? Ọ̀pọ̀ ló ń sọ pé àwọn kì í gbà torí wọ́n rò pé sponsorship visa ni. Gbólóhùn kẹta yẹn ló máa ń yí wọn lọ́kàn padà. Má dúró di ìgbà interview kó o tó bi wọ́n.

Iye site: 15 tó. Ohun tí àfikún máa ń jẹ ju owó lọ ni cover letter. Cover letter 25 tó dára, ẹ̀dá tó lè kọ ọ́ nígbà tó ń kọ dissertation lọ́wọ́ kò pọ̀.

Bọ̀dá Wálé, Texas
Àǹtí ti la ọ̀nà. Èmi máa dúró sórí CPT, torí ibẹ̀ ni nǹkan ti ń bàjẹ́ láìpariwo.

DSO, òṣìṣẹ́ tó ń bójú tó akẹ́kọ̀ọ́ àjèjì ní international office, ló ń tẹ CPT sórí I-20 ẹ (ìwé F-1 tí ilé ìwé fún ẹ). Kò sí USCIS (àjọ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àwọn àjèjì) níbẹ̀, kò sí owó. Àmọ́ ó gbọ́dọ̀ ti wà lórí I-20 kó tó di ọjọ́ àkọ́kọ́. Orientation náà iṣẹ́ ni o.

Òfin tó yẹ kó o mọ̀ lórí: CPT full-time tó bá pé oṣù 12 tàbí tó jù bẹ́ẹ̀ lọ, OPT ìpele ẹ̀kọ́ yẹn (àṣẹ iṣẹ́ oṣù 12 tí ọ̀pọ̀ ń lò lẹ́yìn oyè) ti lọ. Full-time ni ohunkóhun tó bá ju wákàtí 20 lọ lọ́sẹ̀. Wá wo internship: ọjọ́ kìíní oṣù Keje sí ọgbọ̀n ọjọ́ oṣù Kẹfà. Oṣù 12 ti pé géérégé. Postdoc (ìkọ́ṣẹ́ lẹ́yìn oyè) sì ń bọ̀ lẹ́yìn, torí ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ ló ń béèrè wákàtí abẹ́ supervision lẹ́yìn oyè kí wọ́n tó fún èèyàn ní license. OPT tó o fẹ́ fi ṣe é kò sí mọ́.

CPT part-time kì í wọ inú ìṣirò yẹn. Practicum (ìkọ́ṣẹ́ tó ṣáájú internship) wákàtí 16 lọ́sẹ̀, bó ṣe ọdún mẹ́ta, kò pa OPT lára. Ṣùgbọ́n practicum ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn wákàtí 40 lọ́sẹ̀ fún oṣù mẹ́ta ti jẹ mẹ́ta nínú 12 náà, ọ̀pọ̀ kì í rántí.

Kí lèèyàn lè ṣe? Ohun tó bá dín sí oṣù 12 kì í pa OPT. Nítorí náà, bóyá ọjọ́ ìbẹ̀rẹ̀ tàbí ìparí lè sún díẹ̀ ni ìbéèrè, kí wákàtí tí site àti ilé ìwé ń fẹ́ sì ṣì pé. Site tí APA fọwọ́ sí ní òfin ọdún kan gbáko tó ń tẹ̀ lé, kì í ṣe gbogbo wọn ló máa gbà. DSO, DCT ẹ (olùdarí ètò ẹ̀kọ́ clinical nílé ìwé ẹ) àti training director ló gbọ́dọ̀ fẹnu kò, kó sì wà lákọsílẹ̀. Ọ̀nà kejì: wá postdoc ní yunifásítì tàbí ilé ìwòsàn tó so mọ́ yunifásítì, àwọn yẹn lè béèrè H-1B (visa iṣẹ́) láìwọ lotiri. Kó o fi OPT ṣe internship kò yanjú nǹkan kan, oṣù 12 ẹ náà lo ná yẹn. Má sì gbójú lé àfikún OPT oṣù 24 ti STEM (àwọn ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì): wo CIP code (nọ́ńbà ẹ̀ka ẹ̀kọ́) lórí I-20 ẹ, 42.2801 ti clinical psychology kò sí lórí list STEM.

Ṣadé, Michigan
Wákàtí ni tèmi. Òun ló ń jẹ́ kí DCT dá fọ́ọ̀mù padà.

AAPI, fọ́ọ̀mù àpù internship, pín wákàtí practicum ẹ sí intervention (ìtọ́jú), assessment (àyẹ̀wò), support (iṣẹ́ tó yí ìtọ́jú ká) àti supervision. Wákàtí kan kò gbọ́dọ̀ wọ apá méjì. Session ìṣẹ́jú 45 sí 50 o lè kà á sí wákàtí kan. Group ìṣẹ́jú 90 tó ní èèyàn mẹ́jọ, wákàtí kan àbọ̀ ni, kì í ṣe 12. Tọkọtaya tó jókòó síwájú ẹ fún wákàtí kan, wákàtí kan ni.

Assessment ni ibi tí wọ́n ti ń ṣì í jù. Ìgbà tó o ń fi WAIS (test ọgbọ́n orí) síwájú èèyàn àti ìgbà tó o ń fún un ní feedback ló wà níbẹ̀. Scoring àti kíkọ ìròyìn, support ni. Ẹni tó bá kó gbogbo ẹ̀ pọ̀ á ní assessment 400, iye ìròyìn tó kọ á jẹ́ 10. Ẹni tó ń kà á mọ iye wákàtí tí battery kan (àkójọ test) ń gbà, ó máa bi ẹ́.

Ìròyìn tí wọ́n ń pè ní integrated gbọ́dọ̀ ní ìtàn èèyàn náà, interview, ó kéré tán test méjì, kó o sì so gbogbo ẹ̀ pọ̀ di ọ̀rọ̀ kan. Ìròyìn test ọgbọ́n orí kan ṣoṣo kò wọ̀ ọ́. Grand rounds (ìpàdé ẹ̀kọ́ nílé ìwòsàn) àti lẹ́kíṣọ̀, support ni, kì í ṣe supervision.

Iṣẹ́ tó o ti ṣe ní Nàìjíríà kó o tó wá, ibi iṣẹ́ tó o ti ṣe rí àti CV ló ń lọ. Practicum tí ètò ẹ̀kọ́ ẹ fọwọ́ sí nìkan ló ń jẹ́ wákàtí. Bó o bá sì ṣe másítà nílé, bẹ̀rẹ̀ transcript lónìí, kó má di oṣù Kẹwàá kó o máa wá ẹni tó máa bá ẹ lọ sí records.

Tóbi, Ohio
Ẹ ṣé gan-an. Essay ńkọ́? Mo gbọ́ pé mẹ́rin ni.

Ṣadé, Michigan
Mẹ́rin, ọ̀rọ̀ 500 ọ̀kọ̀ọ̀kan, kò gbọ́dọ̀ kọjá: ìtàn ara ẹni, theoretical orientation (ìlànà ìtọ́jú tó o ń tẹ̀ lé), diversity, research. Ibi tí àwa máa ń ṣubú sí ni diversity. Wọ́n á kọ nípa bí wọ́n ṣe dé Amẹ́ríkà, bí òtútù ṣe mú wọn, ọ̀rọ̀ 500 á sì pé. Ohun tí wọ́n ń wá ni ohun tó o ń ṣe nínú yàrá: aláìsàn kan wọlé, kí lo béèrè, kí lo fi sílẹ̀ láìbéèrè, kí lo yí padà nínú ètò ìtọ́jú torí ohun tó o rí.

Cover letter ló ń jẹ́ ti site kọ̀ọ̀kan. Gbólóhùn àkọ́kọ́ kó dárúkọ track (ẹ̀ka ìkọ́ṣẹ́ ní site náà) àti nọ́ńbà ẹ̀. Lẹ́yìn náà, rotation (ibi iṣẹ́ tí intern máa ń yí dé) méjì tí wọ́n ní gan-an àti ohun tó o ti ṣe tó bá a mu: irú aláìsàn, irú test, iye ìròyìn. Kí ẹlòmíì bá ẹ wo orúkọ ilé ìwòsàn tó wà nínú lẹ́tà kọ̀ọ̀kan. Orúkọ site mìíràn nínú lẹ́tà ń pa àpù ju essay tí kò dán lọ.

Àǹtí Fúnkẹ́, Maryland
Kí n fi àwọn ọjọ́ sí i. AAPI Online máa ń ṣí ní àárín oṣù Keje. Ìparí oṣù Kẹwàá sí àárín oṣù Kọkànlá ni ọ̀pọ̀ site ń ti ìlẹ̀kùn. Interview: oṣù Kejìlá àti oṣù Kìíní, orí fídíò ló pọ̀ jù, àkókò ìlú wọn ni kó o fi ṣírò. List ipò ń wọlé ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kejì, èsì ń jáde nínú oṣù Kejì kan náà. Phase II, ìpín kejì fún àwọn tí kò rí ibì kan ní Phase I, parí ní oṣù Kẹta.

Má gbàgbé pé AAPI yàtọ̀, ìforúkọsílẹ̀ Match yàtọ̀. National Matching Services ló ń ṣe èkejì, àwọn ló máa fún ẹ ní nọ́ńbà tí àwọn site máa fi ń kọ ẹ́ sórí list wọn. Ẹni tí kò forúkọ sílẹ̀ kí Phase I tó wáyé kò lè bọ́ sínú Phase II.

DCT náà ní apá tirẹ̀ láti kọ sí, yóò jẹ́rìí sí wákàtí ẹ. Fún un ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, má fún un ní ọjọ́ mẹ́ta.

Kọ́lá, Atlanta
Kò sẹ́ni tó tíì dáhùn ìbéèrè kejì: ta ló yẹ kó ṣáájú lórí list. Ibi tó o fẹ́ jù. Kò sí ọgbọ́n mìíràn.

Ká ní site mẹ́ta ni: A, B, D. A le gan-an, èèyàn méjì ni wọ́n ń gbà, o sì ń rò pé B ló máa mú ẹ. Kọ̀ǹpútà á kọ́kọ́ gbé ẹ lọ sí A. Bí àyè bá wà, tàbí bí A bá fẹ́ ẹ ju ẹnì kan tó ti jókòó síbẹ̀, o jókòó, àmọ́ fún ìgbà díẹ̀ ni, torí ẹni tí wọ́n fẹ́ jù ẹ́ lọ lè dé. Tí wọ́n bá gbé ẹ dìde, ó kàn B. Níbẹ̀, ibi tí B fi ẹ́ sí lórí list tirẹ̀ nìkan ló ń ṣiṣẹ́. Kò mọ̀ pé ipò kejì lo fi òun sí, kò sì ní mọ̀ láéláé. Bí ẹni tí B fi sísàlẹ̀ ẹ bá ti jókòó síbẹ̀, yóò dìde fún ẹ. Nítorí náà, ìgbìyànjú ní A kò ná ẹ ní nǹkan kan ní B. Tó o bá fi B ṣáájú torí ìbẹ̀rù, tí A sì fẹ́ ẹ, B lo máa bá ara ẹ, kò sì sí àtúnṣe.

Alvin Roth àti Elliott Peranson ló tún irú ìṣirò yìí ṣe fún Match àwọn dókítà. Roth àti Lloyd Shapley gba Nobel ọrọ̀ ajé lórí irú iṣẹ́ yìí lọ́dún 2012. APPIC bẹ̀rẹ̀ sí í lo kọ̀ǹpútà lọ́dún 1999. Kó tó dìgbà yẹn, fóònù ni wọ́n fi ń pe ara wọn lọ́jọ́ kan ṣoṣo, gbogbo èèyàn ń wá ọ̀nà àrékérekè. Òfin tó ní kí site má bi ẹ́ nípa ipò, kí ìwọ náà má sọ ọ́, ibẹ̀ ló ti wá. Email ọpẹ́ dára. "Ẹ̀yin ni mo fi ṣe àkọ́kọ́" kò dára.

Nǹkan mẹ́ta míì. Ibi tí o kò lè gbé fún ọdún kan, má kọ ọ́: èsì Match jẹ́ àdéhùn, ìwọ àti wọn kò lè yẹ̀ ẹ́. Ilé ìwòsàn kan lè ní track ọmọdé àti track àgbà, nọ́ńbà wọn yàtọ̀, kọ wọ́n lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Tó o bá sì ti tẹ list tán, tẹ certify. List tí kò ní certify, bí ẹni tí kò kọ nǹkan kan ni.

Tóbi, Ohio
Ọlọ́run á san án fún yín. Bó bá ṣẹlẹ̀ pé n kò rí ibì kan ní Phase I ńkọ́?

Kọ́lá, Atlanta
Àwọn site tó ṣẹ́kù á jáde lọ́jọ́ èsì gan-an. Àkókò kò pọ̀, nítorí náà tọ́jú cover letter kan tó o lè tún ṣe láàárín wákàtí kan. Tún yọ àwọn VA kúrò níbẹ̀ kó o tó bẹ̀rẹ̀ sí í dunnú, torí wọ́n máa ń wà nínú ẹ̀. Lẹ́yìn Phase II, Post-Match Vacancy Service ló kù, kò sí kọ̀ǹpútà níbẹ̀, site á fún ẹ níṣẹ́ tààrà.

Bọ̀dá Wálé, Texas
Tí Match bá ti mú ẹ, site gbọ́dọ̀ fi lẹ́tà ránṣẹ́ láàárín wákàtí 72. Wò ó: ọjọ́ ìbẹ̀rẹ̀, ọjọ́ ìparí, àdírẹ́sì, wákàtí lọ́sẹ̀. DSO nílò gbogbo ẹ̀. Forúkọ sílẹ̀ fún course internship ní gbogbo semester tó kàn án, títí kan ti ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, torí oṣù Keje kò sí nínú semester Fall. Background check, àyẹ̀wò oògùn àti abẹ́rẹ́ àjẹsára ń bọ̀ lẹ́yìn. Bí visa inú páspọ́ọ̀tù ẹ bá ti kú, má lọ sílé láàárín oṣù Kẹrin sí ìgbà tó o máa wọṣẹ́.

Tóbi, Ohio
Ìkan péré ló kù. AAPI ń béèrè èdè tí mo lè fi ṣe therapy. Ṣé kí n kọ Yorùbá?

Àǹtí Fúnkẹ́, Maryland
Tó o bá lè bá ìyá àgbà kan láti Ìlọrin jókòó fún ìṣẹ́jú 50, kó o bi í nípa oorun, oúnjẹ àti èrò pé kóun gbẹ̀mí ara òun, láìdá English mọ́ ọn, kọ ọ́. Tí kò bá rí bẹ́ẹ̀, fi sí CV pé o gbọ́ ọ, kó o fi ibi yẹn sílẹ̀.