Ilẹ̀kùn báńkì kò gba àga ẹ̀gbọ́n mi: ṣé ìdẹ́yẹsí ni lójú òfin?

Ọmọ Ìbàdàn béèrè:
Ẹ̀yin ará, ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ ìmọ̀ràn. Rọpárọsẹ̀ mú ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní kékeré, orí àga oníkẹ̀kẹ́ ni wọ́n sì wà títí di òní. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, a lọ gba owó ní báńkì kan, ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn onígíláàsì tí ènìyàn kan ṣoṣo ń dúró sínú rẹ̀ kí ó tó ṣí kò gba àga wọn. Ọlọ́dẹ ní kí n wọlé lọ bá wọn gba owó náà. Nígbà tí òṣìṣẹ́ kan ní àfi kí ẹni tó ni àkáǹtì fọwọ́ síwèé fúnra rẹ̀, ìta ló gbé fọ́ọ̀mù wá, nínú oòrùn, ni ẹ̀gbọ́n mi bá fi orúnkún ṣe tábìlì lójú gbogbo èrò. Wọn kò sọ̀rọ̀ títí a fi délé. Ṣé ká kàn gbà pé bí ilẹ̀kùn ṣe rí nìyẹn?

Agbẹjọ́rò fèsì:
Ẹ má gbà á, ìdẹ́yẹsí ni. Abala 42 nínú òfin ilẹ̀ wa ti 1999 dárúkọ ẹ̀yà, ẹ̀sìn, akọ tàbí abo àti èrò òṣèlú, ṣùgbọ́n kò dárúkọ àìpé ara. Òfin tí Ààrẹ Buhari buwọ́ lù ní oṣù kìíní ọdún 2019 ló wá dárúkọ rẹ̀: ilé-iṣẹ́ tó bá dẹ́yẹ sí akàndá ẹ̀dá yóò san 1,000,000 náírà, ẹnì kọ̀ọ̀kan yóò san 100,000 náírà tàbí kí ó fi ẹ̀wọ̀n oṣù 6 jura tàbí méjèèjì. Ó fún àwọn ilé tí ará ìlú ń lò ní ọdún 5 láti ṣe ọ̀nà tí irú àga bẹ́ẹ̀ lè gbà wọlé, ọdún náà sì ti pé ní 2024. Ẹ kọ lẹ́tà sí ọ̀gá ẹ̀ka náà, kí ẹ kọ ọjọ́ àti wákàtí sí i.

Àbíkẹ́ fèsì:
Ohun tó dùn mí jù ni pé ìwọ ni ọlọ́dẹ bá sọ̀rọ̀. Nílé pàápàá, "Kí ni wọ́n fẹ́ jẹ?" là ń bi ẹni tó ń ti àga, bí ẹni pé àìsàn tó mú ẹsẹ̀ mú ẹnu pẹ̀lú. Bẹ́ẹ̀ ẹni òòṣà ni àwọn baba wa ń pe arọ, abuké àti àfín, èèwọ̀ sì ni kí a fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Kí o tó kọ lẹ́tà kankan, bi ẹ̀gbọ́n rẹ.

Ọmọ Ìbàdàn:
Mo bi wọ́n lálẹ́ àná. Wọ́n ní àwọn fúnra wọn ni yóò kọ ọ́, wọ́n sì ti bẹ̀rẹ̀. Wákàtí tí a débẹ̀ nìkan ni wọ́n bi mí.