Ṣé kí n wọ agbádá fún ọmọ mi lọ sí Karneval ní Köln?

Ìyá Ayọ̀: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará wa tí ẹ wà ní Jámánì. Ilé-ẹ̀kọ́ jẹ́lé-ó-sinmi tí ọmọ mi ń lọ ní Köln kọ̀wé pé kí gbogbo ọmọdé múra bó bá ṣe wù wọ́n wá ní Weiberfastnacht, ìyẹn Ọjọ́bọ̀ tó ṣáájú Ọjọ́rú Eérú, lásìkò Karneval, àríyá tí èèyàn ti ń múra bí ẹlòmíràn. Panápaná ni ọmọ lóun fẹ́ ṣe. Ṣùgbọ́n olùkọ́ rẹ̀ dábàá pé kí n kúkú wọ aṣọ ìbílẹ̀ wa fún un, inú bàbá rẹ̀ sì dùn sí i, nítorí agbádá òfì tí màmá wa fi ránṣẹ́ láti Ìsẹ́yìn wà nílẹ̀. Ọkàn tèmi kò gbà á. Kí ni ẹ rí sí i?

Bàbá Köln: Ìyá Ayọ̀, ẹ jẹ́ kó ṣe panápaná rẹ̀. Lọ́jọ́ náà, ohun tí èèyàn kò jẹ́ ló ń múra bí: akọ̀wé báńkì á di ọlọ́ṣà ojú omi, àgbàlagbà á di ẹyẹ, àwọn obìnrin á sì mú àlùmọ́gàjí, wọn á máa gé táì mọ́ àwọn ọkùnrin lọ́rùn láìsí ìjà. Bí ọmọ Yorùbá bá wọ agbádá sáàárín irú èrò bẹ́ẹ̀, aṣọ eré ni àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ yóò kà á sí, bẹ́ẹ̀ aṣọ tí a fi ń sọmọ lórúkọ, tí a fi ń gbéyàwó ni. Ẹ fi ọ̀wọ̀ sọ fún olùkọ́ pé ẹ ó mú un wá lọ́jọ́ mìíràn, kí ẹ wá fi bí wọ́n ṣe ń hun ún han àwọn ọmọ.

Òtútù ń mú gan-an lásìkò náà, nítorí náà ẹ ra aṣọ panápaná tó tóbi díẹ̀, kó lè wọ̀ ọ́ lórí jákẹ́ẹ̀tì. Ní Rosenmontag, ìyẹn Ọjọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e tí ìwọ́de ńlá máa ń wáyé, ẹ mú àpò ńlá dání: láti orí ọkọ̀ tí wọ́n ṣe lọ́ṣọ̀ọ́ ni wọ́n ti ń da súìtì sílẹ̀, ọmọ tó bá sì pariwo «Kamelle!» (ìyẹn súìtì) dáadáa ni wọ́n máa ń jù ú sí. «Alaaf» ni kí ó máa kí wọn o. «Helau» ti Düsseldorf, ìlú tí wọ́n jọ ń figagbága, ni.

Ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó: Mo fara mọ́ Bàbá Köln, ṣùgbọ́n bí ọmọ fúnra rẹ̀ bá ní ọba lòun fẹ́ ṣe, tó sì bèèrè agbádá, n kò ní í dí i lọ́wọ́, ohun tó burú ni kí àgbàlagbà yàn án fún un nítorí pé ó jẹ́ ọmọ aláwọ̀ dúdú. Bí ẹnikẹ́ni bá sì ń bẹ̀rù pé ìbọ̀rìṣà ni, àríyá tí àwọn Kátólíìkì ń ṣe kí àwẹ̀ Lẹ́ńtì tó wọlé ni. Àwa ọmọ Èkó pàápàá kò ṣàjèjì sí irú rẹ̀: àwọn ọmọ àwọn tó ti Brazil padà wá sí Pópó Àgùdà ti ń wọ ìbòjú Careta tipẹ́tipẹ́.

Ìyá Ayọ̀: Ẹ ṣeun púpọ̀. Bàbá rẹ̀ ti gbà, olùkọ́ sì ní kí n mú agbádá wá lẹ́yìn Àjíǹde. Níbo ni mo ti lè rí akoto panápaná tí kò wọ́n?