Ìlà àwọ̀ ìràwọ̀ ń ṣípò: báwo la ṣe ń mọ̀ pé pílánẹ́ẹ̀tì ló fà á?

Àgùàlà:
Ẹ kú iṣẹ́ o, gbogbo ilé. Ní 1995, Michel Mayor àti Didier Queloz kéde pé pílánẹ́ẹ̀tì kan ń yí ìràwọ̀ 51 Pegasi po, bẹ́ẹ̀ wọn ò fojú rí pílánẹ́ẹ̀tì ọ̀hún. Ìlà dúdú tó máa ń hàn bí a bá tú ìmọ́lẹ̀ ìràwọ̀ náà sí àwọ̀ rẹ̀ ni wọ́n wò: bí ìràwọ̀ bá ń bọ̀ wá bá wa, á sún sí ìhà búlúù, bó bá ń lọ, á tún padà sí ìhà pupa, ní ọjọ́ 4.23 sí ara wọn. Báwo ni wọ́n ṣe ń ka ohun tó kéré tó bẹ́ẹ̀? Kí ló sì ń fi dá wọn lójú pé pílánẹ́ẹ̀tì ni?

Òṣùmàrè:
Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ ṣírò bó ṣe kéré tó. Bí àgbà bá di ọmọdé lọ́wọ́ mú tó ń fi í pòyì, àgbà náà á máa mì díẹ̀. Bí ìràwọ̀ ṣe ń ṣe nìyẹn. Eré tí 51 Pegasi fi ń mì jẹ́ mítà 56 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ẹ fi eré ìmọ́lẹ̀, mítà mílíọ̀nù 300, pín in, kí ẹ sọ ọ́ di púpọ̀ pẹ̀lú gígùn ìgbì. Ní nánómítà 550, ohun tí ẹ máa rí ò ju nánómítà 0.0001 lọ. Ìlà kan ṣoṣo ò lè fi í hàn. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìlà dúdú tín-ín-rín, ti irin, ti sódíọ̀mù àti ti àwọn mìíràn, ni spectrograph, ẹ̀rọ tó ń tú ìmọ́lẹ̀ sí àwọ̀ rẹ̀, ń kà pọ̀.

Lórí HARPS, irú spectrograph bẹ́ẹ̀ kan ní La Silla, orílẹ̀-èdè Chile, ìsún tí eré mítà 1 ní ìṣẹ́jú àáyá ń fà kò ju nǹkan bí ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún píksẹ́lì (ojú kékeré tí kámẹ́rà fi ń gba ìmọ́lẹ̀) lọ. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi tì í mọ́ inú àgbá tí wọ́n ti fa afẹ́fẹ́ rẹ̀ jáde. Bí ooru bá yí padà pẹ́nrẹ́n, irin á fẹ̀, ìlà á sún, ẹ ó sì rò pé ìràwọ̀ ló rìn. Wọ́n tún ń tan iná thorium-argon, tí ipò ìlà rẹ̀ ti di mímọ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kí ìsún tó bá ti ara ẹ̀rọ wá lè hàn.

Ibi tó léwu jù ni ìrìn ayé fúnra rẹ̀: kìlómítà 30 ní ìṣẹ́jú àáyá, ìlọ́po 500 àti jù bẹ́ẹ̀ lọ sí ohun tí à ń wá. A gbọ́dọ̀ yọ ọ́, ká yọ yíyí tí ayé ń yí lórí ara rẹ̀ náà. Aago tó bá fi ìṣẹ́jú 1 ṣì lè dá àṣìṣe mítà 2 ní ìṣẹ́jú àáyá sílẹ̀. Bí ìkùukùu bá sì bo ìràwọ̀ lágbede méjì, ẹ má kàn mú àárín àkókò tí ẹ fi gba ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ láti fi yọ ìrìn ayé. Ẹ jẹ́ kó tẹ̀ sí ìgbà tí ìmọ́lẹ̀ púpọ̀ wọlé.

Ìlàpupa:
Ẹ ṣeun, Òṣùmàrè. Ní ti àyípo, ọ̀nà tí pílánẹ́ẹ̀tì ń gbà yí ìràwọ̀ po: bí eré ìràwọ̀ náà bá ń gòkè tó ń sọ̀ kalẹ̀ bákan náà, àyípo náà fẹ́rẹ̀ẹ́ rí róbótó. Bó bá gòkè lójijì tó ń rọra sọ̀, ó gùn gbọọrọ nìyẹn. Ọjọ́ 4.23 ló sọ fún wa pé pílánẹ́ẹ̀tì náà jìnnà sí ìràwọ̀ rẹ̀ ní nǹkan bíi mílíọ̀nù kìlómítà 8. Ìwọ̀n rẹ̀ tí a ń rí, èyí tó kéré jù ni, torí pé kìkì eré tó kọjú sí wa là ń kà. Bó bá jẹ́ ìdajì eré náà ló kọjú sí wa, ìwọ̀n gidi jẹ́ ìlọ́po 2.

Ẹ má máa wọn ìràwọ̀ ní wákàtí kan náà lálaalẹ́ o. Bẹ́ẹ̀ ni ọjọ́ 4.23 àti ọjọ́ 1.31 á ṣe jọ ara wọn, tí ẹ ò ní mọ èyí tó jẹ́ òótọ́. Ẹ wọn ọ́n lẹ́ẹ̀mejì lóru kan, kí wákàtí wọn jìnnà síra.

Adúróṣọ́nà:
Ìdáhùn sí ìbéèrè kejì: àbàwọ́n dúdú ojú ìràwọ̀ lè ṣe bíi pílánẹ́ẹ̀tì. Bí ìràwọ̀ ṣe ń yí, àbàwọ́n náà á kọ́kọ́ bo ẹ̀gbẹ́ tó ń bọ̀ wá bá wa, ìlà á tẹ̀ sí pupa; tó bá bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kejì, ó di búlúù. Àwọ̀ náà ló ń tú u fó. Ẹ pín ìmọ́lẹ̀ sí apá búlúù àti apá pupa, kí ẹ ṣírò eré lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Tó bá jẹ́ pílánẹ́ẹ̀tì, eré kan náà ni. Tó bá jẹ́ àbàwọ́n, ó máa ń kéré sí i bí a ṣe ń lọ sí infrared, ìmọ́lẹ̀ tó kọjá pupa tí ojú wa ò lè rí. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ìràwọ̀ TW Hydrae ní 2008 nìyẹn: wọ́n kéde pílánẹ́ẹ̀tì, infrared kò rí i. Ẹ tún wo ìlà calcium ní nánómítà 393.4 àti 396.8. Bí wọ́n bá ń tàn tí wọ́n ń ṣú ní iye ọjọ́ kan náà pẹ̀lú eré yẹn, ẹ má tíì kéde nǹkan kan.