Ilẹ̀ pákó nínú ilé: kí lojú yín ti rí?

Àdùkẹ́ Baltimore
Ẹ káàsán o, ẹ̀yin èèyàn mi. A ṣẹ̀ṣẹ̀ ra ilé àtijọ́ kan. Ìgbà tá a ká kápẹ́ẹ̀tì pálọ̀ kúrò, pákó oak la bá nísàlẹ̀, tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́, íǹṣì 2¼ ni ìbú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ọkọ mi ní ká tẹ́ kápẹ́ẹ̀tì tuntun lé e lórí. Mi ò gbà. Ọmọ wa ní ikọ́ fée, eruku kápẹ́ẹ̀tì ò sì bá a lára mu. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti gbé lórí pákó, kí lojú yín rí? Báwo lẹ ṣe ń tọ́jú ẹ̀?

Lánre Peckham
Ẹ má tẹ́ nǹkan kan lé e! Àwọn kan ń fi owó gọbọi wá a, ẹ̀yin bá a nílé lọ́fẹ̀ẹ́.

Ìyá Ìbejì Chicago
Ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi. Ìyá ọkọ mi wá láti Ìbàdàn wá bá wa wẹ àwọn ọmọ. Ẹ mọ irú màmá tó jẹ́ pé ilẹ̀ tí ò bá tíì rí omi, kò tíì mọ́ lójú wọn. Mo tibi iṣẹ́ dé lọ́jọ́ kan, ẹnu ọ̀nà ni òórùn Omo ti pàdé mi. Màmá ti ká ìró sókè, wọ́n ti da omi báàkẹ́ẹ̀tì sílẹ̀ láti pálọ̀ dé yàrá, wọ́n wá ń fi ìgbálẹ̀ gbá a lọ sí ẹnu ilẹ̀kùn ẹ̀yìn. Wọ́n ní, "Ìyá Ìbejì, ilẹ̀ yín mà dọ̀tí o, ẹ ò rí i bí omi ṣe dúdú?" Kí ni mo fẹ́ sọ? Mo kúnlẹ̀, mo ní ẹ ṣeun mà, mo bá wọ ilé ìwẹ̀ lọ sunkún. Kò pẹ́ náà tí etí pákó kọ̀ọ̀kan fi gbé sókè, àárín wọlẹ̀. Tẹ́ ẹ bá fi ìbọ̀sẹ̀ rìn lórí ẹ̀, bíi páànù òrùlé ló ṣe máa ń rí lábẹ́ ẹsẹ̀.

Lánre Peckham
"Mo bá wọ ilé ìwẹ̀ lọ sunkún" 😂😂 Ẹ̀rín pa mí o, ẹ má bínú.

Àǹtí Ṣadé
Ẹ má dá màmá lẹ́bi jàre. Ẹni tí ò kìlọ̀ fún wọn kó tó jáde ló jẹ̀bi.

Ìyá Ìbejì Chicago
Àǹtí Ṣadé, ẹ lọ sọ fún ìyá ọkọ tiyín pé kí wọ́n má fọ ilẹ̀, ká wò ó.

Àǹtí Ṣadé
Ìyá ọkọ mi ti kú, Ọlọ́run tẹ́ wọn sí afẹ́fẹ́ rere. Àmọ́ tí wọ́n bá wà láyé, mi ò lè sọ ọ́ fún wọn náà.

Wálé Káfíńtà, Bódìjà
Ìyá Ìbejì, ẹ pẹ̀lẹ́ mà. Omi ti ríbi wọ abẹ́ pákó yẹn ni. Òkè gbẹ, abẹ́ ṣì tutù, abẹ́ wá wú ju òkè lọ. Ṣé ẹ pe ẹni tó wá fi ẹ̀rọ fá ojú ẹ̀?

Ìyá Ìbejì Chicago
A pè é. Ojú ẹsẹ̀ ló gbé ẹ̀rọ lé e, ó sì dán lọ́jọ́ náà. Ìgbà tí òtútù dé tá a tan hítà, àárín pákó bá yọ sókè, etí ló wá wọlẹ̀.

Wálé Káfíńtà, Bódìjà
Mo mọ̀! Iṣẹ́ ìkánjú nìyẹn. A kì í fá pákó tó bá ṣì mu omi sínú. Etí tó wú sókè ló gé dànù. Ìgbà tí abẹ́ gbẹ tán, àárín ló kù lókè. Ẹ̀ bá ṣí fèrèsé, ẹ tan fáànù sí i, kẹ́ ẹ ní sùúrù, kódà kó di oṣù. Òmíràn á padà sílẹ̀ fúnra ẹ̀ láìjẹ́ pé ẹ fá a rárá.

Ọmọ Èkó gidi
Ọ̀rọ̀ òyìnbó lẹ̀ ń sọ o. Lọ́dọ̀ tiwa níbí, táìlì ni. Tẹ́ ẹ bá tẹ́ pákó, oúnjẹ ikán lẹ tẹ́.

Bàbá Òkè-Àdó
Ọmọ Èkó, ta ló bí ẹ? Orí pákó ni wọ́n ti bí èmi. Gbogbo òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì bàbá wa, ìrókò ni, ikán ò sì fẹnu kàn án. Wàhálà ibẹ̀ kan ṣoṣo ni pé tí ọmọdé bá ti sáré lókè, eruku á gba àárín pákó já sínú ọbẹ̀ àwọn tó ń jẹun nísàlẹ̀. Bí wọ́n bá sì ń sọ̀rọ̀ àṣírí lókè, gbogbo ilé ló gbọ́.

Ọmọ Èkó gidi
Ẹ má bínú, sà. Ṣùgbọ́n ìrókò nínú ilé? Olúwéré ń kọ́?

Wálé Káfíńtà, Bódìjà
Ìrókò tó ti gba sọ́mìlì kọjá, Olúwéré ti ṣí lọ tipẹ́ 😂 Ẹ jẹ́ kí n fi kún un: ìrókò ò le ju oak lọ bí ọ̀pọ̀ èèyàn ṣe rò. Lórí òṣùwọ̀n Janka tí wọ́n fi ń mọ bí pákó ṣe le tó, red oak wà ní 1290, ìrókò ní 1260. Ikán àti ọ̀rinrin ni ìrókò fi jù ú.

Tòkunbọ̀ Lẹ́kkí
Bọ̀dá Wálé, ẹ gbà mí. Ìsàlẹ̀ ni mo fẹ́ tẹ́ pákó sí, lórí sìmẹ́ńtì.

Wálé Káfíńtà, Bódìjà
Ẹ gé náílọ̀n, ẹ fi téèpù lẹ etí ẹ̀ mọ́ sìmẹ́ńtì yíká, kí afẹ́fẹ́ má wọlé. Tó bá di ọjọ́ kejì tí omi ti sẹ̀ sábẹ́ ẹ̀, ẹ má tíì ra pákó. Kẹ́ ẹ sì kó pákó sínú yàrá tẹ́ ẹ máa tẹ́ ẹ sí fún ọjọ́ díẹ̀ kó lè mọ ojú ọjọ́ ibẹ̀. Bẹ́ ẹ bá tẹ́ ẹ lásìkò òjò láìjẹ́ kó gbẹ, ọyẹ́ á la àlàfo sáàárín pákó, owó ẹyọ á máa já sí i.

Lánre Peckham
Èmi ò níṣòro omi. Odó ni tèmi. Mo gún iyán lọ́jọ́ Sátidé, àmì ìdí odó wà lára pákó títí dòní, ẹni tó ń gbé nísàlẹ̀ wa sì kọ lẹ́tà sí onílé. Ó ṣe tán, ó wà nínú ìwé àdéhùn pé kápẹ́ẹ̀tì ni ká tẹ́.

Mọ́remí B.
Iyán ní fúláàtì? Ẹ lọ ra poundo.

Lánre Peckham
Ìyẹn kì í ṣe iyán.

Bàbá Òkè-Àdó
Kì í ṣe iyán.

Ìyá Ìbejì Chicago
Kò tilẹ̀ jọ ọ́.

Mọ́remí B.
Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ba ilẹ̀ jẹ́ nítorí òkèlè. Mo ti dákẹ́.

Àdùkẹ́ Baltimore
Ẹ jọ̀ọ́, kẹ́ ẹ tó jìjà iyán tán, kí ni mo máa fi nù ún? Ọ̀rẹ́ mi ní omi àti fínígà.

Ìyá Ìbejì Chicago
Fínígà kẹ̀? Díẹ̀díẹ̀ ló ń jẹ fáníìṣì. Mọ́ọ̀pù oníná tó ń tú ooru omi jáde náà, ẹ má jẹ́ kó débẹ̀. Ìgbálẹ̀ tó rọ̀, lẹ́yìn náà aṣọ tẹ́ ẹ fún gbẹ dáadáa. Tí epo tàbí omi bá dà sílẹ̀, lójú ẹsẹ̀ ni kẹ́ ẹ nù ún. Ẹ lẹ aṣọ nípọn mọ́ ẹsẹ̀ àga, ẹ má sì tẹ́ rọ́ọ̀gì tó ní rọ́bà lábẹ́, ó máa ń fi àmì sílẹ̀.

Wálé Káfíńtà, Bódìjà
Ẹ kán omi díẹ̀ sí i. Tó bá dúró lórí rogodo, fáníìṣì ṣì wà. Tó bá wọlé tí ojú ibẹ̀ dúdú, ó ti tán. Kẹ́ ẹ tó gbà kí ẹnikẹ́ni fá a, ẹ yọ páànù ojú ihò hítà tó wà nílẹ̀, ẹ wo bí pákó ṣe nípọn tó. Oak àtijọ́ irú yẹn máa ń jẹ́ íǹṣì ¾. Tí wọ́n bá ti fá a púpọ̀ jù, ẹ máa rí i níbẹ̀.

Àdùkẹ́ Baltimore
Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun. Mo máa fi han ọkọ mi.

Àǹtí Ṣadé
Ìyá Ìbejì, ẹ ò tíì sọ fún wa, ta ló sanwó àtúnṣe?

Ìyá Ìbejì Chicago
Ọmọ màmá.